Bí Ọ̀gá Bá Yí Iṣẹ́ Ẹni Padà

Ká ní ọ̀gá líle kan ní Ìlọ́fà pàṣẹ fún akọ̀wé rẹ̀ pé kó fi tábìlì sílẹ̀, kó lọ máa ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí. Bí akọ̀wé bá fi ìbínú kúrò, owó oṣù bọ́ nìyẹn. Òfin Iṣẹ́ ti ọdún 1974 ní kí agbanisíṣẹ́ fi ìwé sọ irú àyípadà àdéhùn bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù kan. Kí akọ̀wé fi ọ̀wọ̀ béèrè ìwé náà, kó pa ẹ̀dà mọ́, kó sì fi tó ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ létí. Ohùn tútù ní í yọ obì lápò. Ohùn líle ní í yọ ọfà lápó. Ìwé lè máà dá ipò àtijọ́ padà, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí tí kì í gbàgbé ni.