Ẹni Tó Da Omi Síwájú

Ọ̀rọ̀ tí Alága bá ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ọdọọdún wa ní Kánò

N kò lọ sí ilé ìwé gíga. Ọjà ló kọ́ mi ní ìwọ̀nba tí mo mọ̀. Nítorí náà, ohun tí ọjà kọ́ mi nípa mímúra sílẹ̀ de ọjọ́ wàhálà ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ní Tamale, nílẹ̀ Gánà, ni bàbá mi ti tajà kí wọ́n tó bí mi. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò nílùú láàárín ọjọ́ 14. Àwọn Yorùbá tó ti lo ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù lóru. Bàbá mi lówó, ṣùgbọ́n inú ọjà ni owó náà wà, ìyókù sì wà lọ́wọ́ àwọn tó rajà àwìn. Ta ni yóò ra ọjà ẹni tó ń sá lọ, bí kò ṣe ní ọ̀pọ̀? Ta ni yóò san gbèsè fún ẹni tí kò ní padà wá? Àpótí kan àti ìwé àwìn ni wọ́n gbé wọlé. Títí wọ́n fi kú ni wọ́n ń sọ fún wa pé àṣẹ ìjọba nìkan kọ́ ló ba àwọn jẹ́, pé ojú kan náà ni gbogbo ohun tí àwọn ní wà.

Ẹ má sọ pé ti Gánà nìyẹn. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba tiwa náà lé àlejò tí kò ní ìwé, àwọn ará Gánà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ibẹ̀ ni àpò Ghana Must Go ti gba orúkọ. Lóòótọ́, orílẹ̀-èdè wa ni Kánò wà, ṣùgbọ́n iná kì í bi ènìyàn léèrè ìlú rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, iná jó ọjà Sabon Gari níbí, ṣọ́ọ̀bù tó ju 3,000 lọ ni wọ́n ní ó run.

Mo ní ẹ̀bi kan láti jẹ́wọ́. Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù opó kan nínú wa jó, a ṣí ìwé owó ẹgbẹ́, iye tó wà nínú rẹ̀ dára. A ṣí àpótí, kò sí nǹkan kan. A ti yá ara wa ní gbogbo rẹ̀ tán, èmi Alága sì wà lára àwọn tó yá a. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a fi ń pe ara wa lórí fóònù kí a tó rí owó díẹ̀ kó jọ. Ìyá náà kò bú wa. Wọ́n ní, "Alága, ẹ ṣeun." Ẹ ṣeun yẹn kò tíì kúrò létí mi. Mo ti san tèmi, kí ẹni tó kù san tirẹ̀.

Ohun tí mo wá bẹ̀bẹ̀ fún lónìí kò pọ̀. Èkíní, kí a mú ìdá kan nínú mẹ́rin owó ẹgbẹ́ lọ sí báńkì, kí ẹni mẹ́ta máa fọwọ́ sí i, kí ẹnikẹ́ni má sì yá a, ìbáà ṣe Alága.

Èkejì, kí olúkúlùkù ní ìwé àwìn méjì, ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan nílé. Kí akọ̀wé sì ní orúkọ àti nọ́ńbà ẹbí wa tó wà nílé.

Ẹ̀kẹta, bí a bá ń ti ṣọ́ọ̀bù, kí a pa iná mànàmáná láti orísun rẹ̀. Kí a má tọ́jú epo jẹnẹrétọ̀ sáàárín ọjà. Iná tó bá ti ara wáyà bẹ̀rẹ̀, ẹ má da omi sí i. Iyanrìn ni kí ẹ dà, tàbí kí ẹ lo ẹ̀rọ ìpaná oníyẹ̀fun. Ẹ má sì fi tábìlì dí ọ̀nà tí ọkọ̀ panápaná yóò gbà.

Ẹ̀kẹrin, kí olórí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní ènìyàn mẹ́wàá tí yóò pè bí ìlú bá dàrú. Kí a mọ ẹni tó wà àti ẹni tí a kò tíì rí, kí a sì má fi ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ ránṣẹ́ síra wa. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì ìjọba. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri, kí ẹ kọ ti panápaná ìpínlẹ̀ wa mọ́ ọn.

Ẹlòmíràn yóò ní a ń pe ibi wá bá ara wa. Rárá o. A ń gbàdúrà, a ó sì máa gbà á lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ọjọ́ tí opó mìíràn bá ké sí wa, kí ó bá owó nínú àpótí.

Ọlọ́run kò ní fi ìjàǹbá ṣe tiwa.