Ẹ Wo Sílíńdà Kí Ẹ Tó Gba Kọ́kọ́rọ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Lítà kan tí kò tó náírà 200 kọjá 1,000 kí ọdún 2024 tó parí. Abájọ tí àwọn awakọ̀ fi ń yí ọkọ̀ sí gáàsì CNG.

Ó dára, ṣùgbọ́n sílíńdà ìdáná tàbí èyí tí wẹ́dà jó kò lè gba agbára gáàsì yìí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, irú èyí tí wọ́n jó bú gbàmù ní Benin City.

Ẹni tó ni ọkọ̀ ni kí ó ra ojúlówó sílíńdà. Awakọ̀ tí kò bá rí ìwé àyẹ̀wò, kó má gba kọ́kọ́rọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ torí ìyẹn lé e, gbogbo wa ni wọn yóò bá.