Èrò àti Ẹrù Nínú Bàálù Kan Náà: Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Sọ Níbi Ìpàdé Ẹgbẹ́

   

Ẹ̀sùn kan ló ń wá sọ́dọ̀ àwa ìgbìmọ̀ lemọ́lemọ́. Àwọn oníirun, àwọn onílẹ́ẹ̀sì, àwọn oníbàtà, wọ́n ní ajẹ́ǹtì ń rẹ́ àwọn jẹ. Wọ́n ní iye tí kìlò jẹ́ lóṣù yìí kọ́ ló máa jẹ́ lóṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ní àwọn á sanwó tán, bàálù á dé, ẹrù ò ní bá a dé. Òótọ́ ni pé oníjìbìtì wà láàárín ajẹ́ǹtì. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀ kọ́ ni jìbìtì. Ọ̀nà tí bàálù ń gbà pawó ló fa ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀, ìyẹn la sì fẹ́ jọ yẹ̀ wò lónìí.

Bàálù tó ń gbé ẹrù nìkan wà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹrù wa ni kì í bá a wá. Abẹ́ ẹsẹ̀ èrò ló ń wà. Bàálù ńlá bíi Boeing 777-300ER máa ń gbé èrò tó lé ní 300, síbẹ̀ ikùn rẹ̀ nísàlẹ̀ tún gba àpótí ẹrù 44. Báàgì èrò ni wọ́n ń kọ́kọ́ kó síbẹ̀. Àyè tó bá kù ni wọ́n ń tà fún ẹlẹ́rù. Kó tó di 2020, bí ìdajì gbogbo ẹrù tó ń gba òfurufú káàkiri ayé, ikùn bàálù èrò ló ń wà.

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wọ bọ́lẹ̀kájà rí, ọ̀rọ̀ yìí ò lè ṣàjèjì sí yín. Èrò ń bẹ nínú ẹ̀, iṣu ń bẹ, ewúrẹ́ ń bẹ. Bàálù náà nìyẹn. Ó máa gbéra bí ẹrù wà, bí ẹrù ò sí, torí èrò ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ohun tó bá rí lórí ẹrù, tó bá ti ju owó alágbàrù àti epo díẹ̀ tí ẹrù jẹ kún un, èrè ni. Ìdí nìyẹn tí owó kìlò fi ń wálẹ̀ nígbà tí ikùn bàálù bá ṣófo. Tó bá wá di December, tí àwọn ọmọ wa ń ti ìlú òyìnbó bọ̀, báàgì wọn á kún ibẹ̀ bámúbámú. Ẹrù ta ni wọ́n máa já sílẹ̀? Ẹrù ẹni tí kò sí nínú bàálù ni.

Tí èrò ò bá wá wọ bàálù mọ́ rárá ńkọ́? Ẹrù á ha pọ̀ láyè bí? Rárá o. Ní 2020 tí kòrónà dé, Nàìjíríà ti pápákọ̀ mọ́ èrò láti òkè òkun láti oṣù March títí di 5 September. Káàkiri ayé, ikùn bàálù èrò pòórá. Ẹrù nìkan ló wá ń san owó epo, owó awakọ̀, owó gbogbo ẹ̀, ni owó kìlò bá fò sókè. Ní 2022 náà, Emirates dáwọ́ wíwá sí Nàìjíríà dúró torí owó wọn tí wọn ò rí kó jáde. 1 October 2024 ni wọ́n tó padà sí Lagos. Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lórí rédíò, ẹ má sọ pé ẹ kì í wọ bàálù. Ọ̀rọ̀ ẹrù yín ni.

Irú bàálù kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Combi. Èrò wà níwájú, ẹrù wà lẹ́yìn, lórí ilẹ̀ kan náà. Ní 28 November 1987, irú ẹ̀ kan tó jẹ́ ti South African Airways ń bọ̀ láti Taipei, iná sọ nínú ẹrù, ó já sínú òkun nítòsí Mauritius. Èèyàn 159 ló wà nínú ẹ̀, ẹnì kan ò yè. Látìgbà náà ni òfin iná ti le sí i, tí èrè irú bàálù yẹn sì ń dín kù. KLM lò ó títí di 2020.

Ìdí tá a fi sọ èyí ni pé àwọn kan ń fi power bank pamọ́ sáàárín bàtà. Láti 1 April 2016, òfin àgbáyé ò gbà kí wọ́n kó bátìrì lithium lásán bí ẹrù sínú bàálù èrò. Ẹ̀yin ìyá, ọmọ ẹnì kan ló jókòó lókè ẹrù yẹn. Ó lè jẹ́ ọmọ tiwa. Ẹ jọ̀ọ́, ohun tó wà nínú páálí ni ká kọ sí ìwé.

Kí la máa wá ṣe?

Èkíní, ẹ máa fi téèpù wọn páálí yín. Gígùn lọ́nà ìbú lọ́nà gíga, ní sẹ̀ǹtímítà, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ bàálù ń fi 6,000 pín in. Páálí irun tó jẹ́ 60 lọ́nà 50 lọ́nà 40 jẹ́ 120,000. Ẹ fi 6,000 pín in, ó di kìlò 20. Bí òṣùwọ̀n tiẹ̀ pè é ní 12, owó 20 lẹ máa san. Àyè tó gbà ni wọ́n ń tà fún yín.

Èkejì, ẹ jẹ́ ká máa para pọ̀. Ká ní oníìlẹ̀kẹ̀ ní páálí 50 lọ́nà 40 lọ́nà 30. Àyè rẹ̀ jẹ́ kìlò 10, àmọ́ ó wúwo tó 30. Tí kálukú bá dá tiẹ̀ kó, oníirun á san 20, oníìlẹ̀kẹ̀ á san 30, ó di 50. Tí wọ́n bá kó o pọ̀ lórúkọ kan, ìwúwo jẹ́ 42, àyè jẹ́ 30, owó 42 ni wọ́n máa san. Kìlò 8 ti wọlé. Bí ẹrù bá sì ṣe pọ̀ sí i ni iye orí kìlò kan ń dín kù. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹ̀kẹta, ọjà ọdún, ẹ má dúró de December. Èyí tó bá wúwo tí kì í bàjẹ́, ẹ jẹ́ kó gba ojú omi wá.

Ẹni tó bá fẹ́ wà nínú àwọn tó máa jọ kó ẹrù, kó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ olórí ìsọ̀ rẹ̀ kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé. Kó sọ irú ọjà tó ń kó àti ìlú tó ti ń bọ̀, ká lè fi ẹrù fífúyẹ́ mọ́ èyí tó wúwo.