Egungun Líle fún Ọmọ Ifẹ̀ Nílé àti Lẹ́yìn Odi

 

Ọ̀rọ̀ egungun ni a mú wá. Bí ìyá àgbà kan bá yọ̀ ṣubú, tí egungun ìbàdí rẹ̀ sì dá, àwọn kan a máa wí pé ayé ni ó ṣe é. Lọ́pọ̀ ìgbà, egungun náà ti di ẹlẹgẹ́ tipẹ́tipẹ́ kí ìyá tó ṣubú. Àrùn yìí ni àwọn oníṣègùn ń pè ní osteoporosis. Kì í dun ni títí egungun yóò fi dá, ó sì máa ń tètè mú obìnrin lẹ́yìn tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá ti dáwọ́ dúró.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Láti ìgbà èwe títí di nǹkan bí ọmọ ọdún 30 ni ènìyàn ń kó agbára pamọ́ sínú egungun rẹ̀. Lẹ́yìn náà, èyí tí a ti kó pamọ́ ni a ń ná. Kálísíọ̀mù inú oúnjẹ ni a fi ń mọ egungun, oòrùn ni ó sì ń ràn án lọ́wọ́ láti wọ ara.

Ní ọdún 1996, àwọn oníṣègùn ìlú wa níhìn-ín àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Ìlú Òyìnbó kọ̀wé jáde lórí àwọn ọmọdé tí ẹsẹ̀ wọn wọ́. Àìtó kálísíọ̀mù nínú oúnjẹ ni wọ́n tọ́ka sí. Ní Jos, ìwádìí tí ó jáde ní 1999 fi hàn pé kálísíọ̀mù wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sàn ju Vitamin D nìkan lọ. Oòrùn kò kúkú wọ́n ní Ifẹ̀, ibi tí ojúmọ́ ti ń mọ́ wá. Ògì lásán àti ẹ̀bà ọlọ́bẹ̀ ṣínṣín ni kò tó egungun í mọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá ilé, ẹ lọ ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ tòun ti egungun rẹ̀ sínú ògì ọmọ. Ẹ má fi edé, ewédú, ẹ̀wà àti wàrà du ọmọ, ẹ má sì fi du àgbà.

Ẹ̀yin ará ẹ̀yìn odi, tiyín yàtọ̀. Wàrà pọ̀ lọ́dọ̀ yín, oòrùn ni ó ṣọ̀wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni awọ dúdú kì í tètè rí èrè rẹ̀ gbà. Ní Ìlú Òyìnbó, ìmọ̀ràn ìjọba ni pé kí aláwọ̀ dúdú ronú àtimáa lo Vitamin D, 10 microgram lóòjọ́, yíká ọdún. Ṣùgbọ́n oògùn tí ó yẹ yín lè má jẹ́ ohun tí ìyá yín nílé ṣaláìní. Owó ẹja lè ṣe é lóore jù ú lọ.

Kí gbogbo wa máa rìn, kí a máa ṣiṣẹ́ ara, kí a jáwọ́ nínú sìgá àti ọtí àmujù. Ẹ ṣọ́ra fún oògùn ara ríro tí a kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Oògùn steroid tí a bá lò pẹ́ a máa jẹ egungun. Ẹni tí dókítà fún ní irú rẹ̀, kí ó má ṣe dá a dúró láìbi dókítà. Ẹni tí egungun rẹ̀ bá sì ti dá, ilé-ìwòsàn ni kí a gbé e lọ. Oúnjẹ nìkan kò lè tò ó.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a fi ẹsẹ̀ ara wa rìn wọ ọjọ́ ogbó. Àṣẹ.