Láti Abẹ́ Ẹ̀kú sí Ipò Atọ́kùn: Iṣẹ́ Simi Garewal ní Ilẹ̀ Índíà



Ọ̀dọ̀ egúngún ni a ti yá orúkọ tí à ń pe ẹni tí ń darí ètò lórí tẹlifíṣọ̀n: atọ́kùn. Eégún ni gbogbo ojú ń wò, ṣùgbọ́n atọ́kùn ni ó mọ ọ̀nà tí eégún yóò gbà. Ìbéèrè tí mo gbé wá lónìí nìyí: bí òṣèré tí gbogbo ojú ti ń wò bá di atọ́kùn, kí ni ó yí padà? Iṣẹ́ Simi Garewal ni n ó fi dáhùn.

Ní ọdún 1947 ni a bí i ní ìlú Ludhiana, ní Punjab, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbé dàgbà. Ó kópa nínú Tarzan Goes to India ní 1962. Ipa tí ó kó nínú Do Badan, fíìmù 1966, ni ó fi gba ẹ̀bùn Filmfare, bí kò tilẹ̀ jẹ́ olú ẹ̀dá-ìtàn níbẹ̀. Ní 1970, ó wà nínú Mera Naam Joker tí Raj Kapoor ṣe, ó sì wà nínú Aranyer Din Ratri tí Satyajit Ray ṣe.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí fíìmù Ray yìí. Ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin kúrò ní Kolkata, wọ́n lọ ṣe fàájì nínú igbó. Níbẹ̀ ni ọ̀kan nínú wọn ti rí Duli, ọ̀dọ́bìnrin ẹ̀yà Santal, tí ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára rẹ̀ mọ́. Garewal ni ó ṣe Duli. Wọ́n kun ara rẹ̀ kí ó lè dúdú. A lè sọ pé eré ni eré, n kò sì jiyàn pé ó ṣe é dáradára. Síbẹ̀, ẹ̀kú ni ó gbé wọ̀, ẹni tí ó ni ìrísí yẹn kọ́ ni a fún ní ipò náà.

Ní ọdún 1983, ó bọ́ sí ẹ̀yìn kámẹ́rà. Ó gbé ètò It's a Woman's World jáde fún Doordarshan, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba, òun fúnra rẹ̀ sì ni atọ́kùn. Ó ṣe fíìmù kan nípa Raj Kapoor, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, ó tún ṣe òmíràn nípa Rajiv Gandhi. Òun ni ó kọ ìtàn Rukhsat tí ó sì darí rẹ̀.

Ní 1997 ni ó bẹ̀rẹ̀ Rendezvous with Simi Garewal, nínú aṣọ funfun tí a fi ń dá a mọ̀. Ní 1999, ó gba Jayalalithaa lálejò, òṣèrébìnrin tí ó ti di olórí ìjọba Tamil Nadu rí. Obìnrin tí a mọ̀ sí ẹni líle yìí sọ̀rọ̀ nípa ìyá rẹ̀, ó sì kọ orin fíìmù. Mo gbà pé òṣèré nìkan ni ó lè bi òṣèré ní ìbéèrè tí ẹ̀kú yóò fi ṣí báyẹn.

Ṣùgbọ́n ta ni ó ń jókòó sórí àga yẹn? Òṣèré, olóṣèlú, olówó: gbajúmọ̀ ni gbajúmọ̀ ń bá sọ̀rọ̀. Duli kò débẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 2025, nígbà tí wọ́n tún Aranyer Din Ratri ṣe tí wọ́n sì fi í hàn ní Cannes, Garewal wà níbẹ̀, a sì yẹ́ ẹ sí bí ó ti tọ́. Àwọn ènìyàn tún wo Duli, wọn kò gbọ́ ohùn rẹ̀.

Èrò mi nìyí: ohun ńlá ni kí obìnrin gba kámẹ́rà lọ́wọ́ àwọn tí ń fi í wò ó, Garewal sì ṣe é nígbà tí àwọn tí ó ṣe é kò pọ̀. Àmọ́ bí kámẹ́rà bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹni tí a dojú rẹ̀ kọ ni a ó fi mọ irú atọ́kùn tí a jẹ́.