Àgbà Kì í Wà Lọ́jà: Ọ̀rọ̀ Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Lórí Ọmọ Tó Ní Wárápá

    

Ẹ rántí pé ní ìpàdé tó kọjá, ẹnìkan dìde nínú wa. Ó ní kí ẹgbẹ́ bá ìyá kan ní láìnì aláta sọ̀rọ̀, kó má gbé ọmọ rẹ̀ wá sí ìsọ̀ mọ́, tàbí kó kúkú kó kúrò. Ó ní ọmọ náà ń ṣubú lójú ọjà, ó ń yọ ìfófòó lẹ́nu, àwọn oníbàárà sì ń sá. Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn kan dákẹ́. Àwa tí a jẹ́ akọ̀wé, à ń kọ ọ́ sílẹ̀, ọwọ́ wa ń gbọ̀n. Ọ̀pọ̀ yín mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀, kó gbọ́ ọ lónìí: ọmọ tí a bí ni ìyá aláta yẹn, ọmọ ọmọ wa ni ọmọkùnrin náà.

Ìyálọ́jà ní ká má fi ìbínú fèsì lọ́jọ́ náà, ká lọ ronú, ká wá sọ̀rọ̀ lónìí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. A ò wá bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀tá wa. Ẹ̀rù ló ń bà á, ẹ̀rù náà sì ti ba àwa náà rí.

BÓ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ọdún 2019 la bí ọmọ náà, ọdún tí wọ́n ṣí gáréèjì ńlá tuntun ní Òṣòdì. Ìrọbí ìyá rẹ̀ pẹ́ gan-an, ó wọ ọjọ́ kejì. Nígbà tí ọmọ dé, kò ké. Wọ́n ṣe é títí kó tó mí. Àwa ń jó, à ń dúpẹ́, a ò mọ̀ pé bí atẹ́gùn kò bá tètè dé ọpọlọ ọmọ lọ́jọ́ ìbí, ó lè di wàhálà lọ́jọ́ iwájú.

Nígbà tó pé oṣù mẹ́wàá, ibà mú un, ara rẹ̀ gbóná janjan, gìrì sì gbé e. Àwa la wà nílé. Kí la ṣe? Ohun tí a rí lọ́wọ́ àwọn ìyá wa la ṣe. A fi ṣíbí la ẹnu rẹ̀, a fi àlùbọ́sà ra á lójú. A ké sí aládùúgbò kan, ó gbé àgbo gìrì wá, èyí tí wọ́n fi ìtọ̀ màálùù, ewé tábà, ẹfínrín àti àlùbọ́sà ṣe. A rọ ọ́ sí i lọ́nà ọ̀fun. Gìrì dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ kò jí. Ara rẹ̀ rọ bí aṣọ. Nígbà tí a gbé e dé ọsibítù, dókítà ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá, àgbo yẹn ló fà á. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò kó tó lajú.

Ẹ̀yin ìyá, ọwọ́ tiwa yìí la fi rọ ọ́. A ń sọ ọ́ lójú gbogbo yín kí ẹlòmíràn má baà ṣe bẹ́ẹ̀. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn dókítà ní Ìbàdàn ti ń kọ ọ́ sínú ìwé pé àgbo ìtọ̀ màálùù ń pa ọmọ. Ìròyìn náà kò tètè dé ọ̀dọ̀ wa lọ́jà. Ó ti dé báyìí.

Nígbà tó pé ọdún méjì, ó ń ṣubú láìsí ibà. Nígbà mìíràn á gan pa, á máa jà pìtìpìtì. Nígbà mìíràn á kàn tẹjú mọ́ ibì kan, ẹ ó pe orúkọ rẹ̀, kò ní gbọ́. Ọjọ́ kan wà tí a ka ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Bàbá rẹ̀ ní kò sí irú rẹ̀ nínú ìdílé àwọn, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ. A gbé ọmọ kiri ilé àdúrà, a gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbo. A ta fíríísà tí a fi ń ta omi tútù. Ọdún kan gbáko kọjá kí a tó gbé e lọ síbi tó yẹ ká kọ́kọ́ gbé e lọ.

KÍ NI WÁRÁPÁ?

Bí dókítà ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún wa nìyí. Ó ní iná kékeré kan wà nínú ọpọlọ gbogbo èèyàn, òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ láti ibì kan dé ibì kan. Ẹ mọ bí iná NEPA ṣe máa ń ya wá lójijì, tó máa ń ga jù, tí gílóòbù á máa ṣẹ́jú, tí fáànù á máa pariwo? Bẹ́ẹ̀ ni iná ọpọlọ ẹni tó ní wárápá ṣe ń ya lójijì. Tó bá rọlẹ̀, èèyàn á jí. Ohun tó ń fà á pọ̀: ìrọbí tó pẹ́, ibà ẹ̀fọn tó wọ ọpọlọ, àrùn ọrùn-líle, kí èèyàn fi orí gbá nínú ìjàm̀bá ọkọ̀. Àwọn mìíràn, inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti bá a wá. Àwọn mìíràn, dókítà fúnra wọn kò rí ìdí rẹ̀.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: wárápá kì í ràn. Ìfófòó yẹn, itọ́ lásán ni, nítorí ẹni náà kò lè gbé itọ́ mì lásìkò yẹn. Bí ó bá kàn yín lára, ẹ fi omi fọ̀ ọ́, ó tán. Àwa ti nu itọ́ ọmọ yìí láti ọdún yìí wá, a ti bá a jẹun nínú abọ́ kan náà. Ẹ wò wá.

A sì fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ nípa ilé wa níhìn-ín. Ní ọdún 1987, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, àgbà dókítà ọpọlọ ní Ìbàdàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé jáde lórí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìbàràpá. Ní Ìgbò-Ọrà, nínú ẹgbẹ̀rún èèyàn, bíi 5 ló ní wárápá. Ní Ayétẹ̀ tí kò jìnnà síbẹ̀, 37 ni nínú ẹgbẹ̀rún. Yorùbá kan náà, oúnjẹ kan náà. Kí ló fa ìyàtọ̀? Wọ́n ní ohun tó jọ pé ó fà á ni pé Ìgbò-Ọrà ti ní ìtọ́jú ìlera tó dára láti ọwọ́ Yunifásítì Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún: aláboyún ń rí ìtọ́jú, ọmọ ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n ń tètè tọ́jú ibà. Ṣé ẹ rí i? Bó bá jẹ́ pé àjẹ́ ló ń fà á, ṣé àjẹ́ Ayétẹ̀ pọ̀ ju ti Ìgbò-Ọrà lọ ni?

OÒGÙN

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bíi 50 mílíọ̀nù èèyàn ló ní wárápá ní gbogbo ayé. Wọ́n ní bí wọ́n bá rí ìtọ́jú tó yẹ, 70 nínú 100 wọn lè wà láìṣubú mọ́. Oògùn tí kò wọ́n púpọ̀ wà níbẹ̀. Phenobarbitone ti wà láti ọdún 1912.

Ọmọ tiwa wà lára 30 tó kù. Oògùn méjì ló ń lò papọ̀, ó ṣì ń ṣubú. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́ ti di ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. A mọ iyì rẹ̀.

Ẹni tó bá ń lò ó, ẹ má jẹ́ kó tán nílé. Ẹ má dá a dúró lójijì nítorí pé ọmọ ti ń gbádùn. Ìyẹn lè mú kí wárápá padà wá pẹ̀lú agbára tó lè pa ọmọ. Ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé oògùn kiri lórí. Ẹ lọ sí kẹ́míìsì gidi, kẹ́ ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ obìnrin bá ń lo Epilim tó sì ti ń bàlágà, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀, nítorí ó lè ṣe oyún inú ní jàm̀bá. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan oògùn náà.

Ibi tí a lè lọ kò jìnnà. Jẹ́nẹ́rà Ìsọlọ̀ wà níbí. LASUTH wà ní Ìkẹjà, LUTH wà ní Ìdí-Àràbà. Ọsibítù Yábà sì ní ẹ̀ka ti àwọn ọmọdé níbí ní Òṣòdì. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ kì í ṣe wèrè. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀.

ÌWÉ GBÈSÈ WA

Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún mẹ́ta, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ jẹ́lé-ó-sinmi, wọ́n ń ka A B D. Tiwa kò tíì lè dá jókòó pẹ́. Inú ìyá rẹ̀ bàjẹ́, kò fẹ́ wo ọmọ ẹlòmíràn lójú. Nọ́ọ̀sì kan ló gbà wá nímọ̀ràn. Ó ní, "Màmá, ẹ yé fi ọmọ wé ọmọ. Ẹ máa kọ ohun tó bá ṣe sílẹ̀."

Ìwé kan ṣoṣo tó wà ní ìsọ̀ ni ìwé gbèsè. A yí i padà. Iwájú rẹ̀ ni gbèsè àwọn oníbàárà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ti ọmọ. Ọjọ́ tó bá ṣubú, a ó kọ aago tó jẹ́ àti bó ṣe pẹ́ tó. Ìwé yẹn ni dókítà ń wò tó fi ń mọ oògùn tí òun máa fi kún tàbí tí òun máa dín kù. Ọjọ́ tó bá sì ṣe nǹkan tuntun, a ó kọ ọ́ pẹ̀lú bírò pupa.

Ẹ jẹ́ ká kà díẹ̀ fún yín. Ọdún 2022: ó di kọ́ọ̀bù mú fúnra rẹ̀, omi kò dà. Ọdún 2023: ó pe ìyá rẹ̀ ní "Màámi." Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà náà. Ìyá rẹ̀ gbé ata tí ó ń wọ̀n sílẹ̀, ó sunkún, oníbàárà rò pé wọ́n jí i lówó. Ọdún 2024: oníbàárà ra tòmátì, ọmọ náà gbé ṣéńjì lé e lọ́wọ́, ó sì ní "Ẹ ṣé."

Lọ́dún yẹn kan náà, ó lo ọjọ́ mọ́kànlélógún láìṣubú. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. A rẹ ẹ̀wà, a dín àkàrà, a pín in yí láìnì ká. Ọ̀pọ̀ yín ló jẹ nínú rẹ̀, ẹ ò béèrè ìdí. Ẹ ní, "Akọ̀wé, kí lẹ bí?" A rẹ́rìn-ín. Ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ tún ṣubú. Ṣé ká wá gba àkàrà padà lẹ́nu yín ni? Rárá o. Ọjọ́ mọ́kànlélógún yẹn, ó ti wọlé, kò sẹ́ni tó lè gbà á. Àwa ọlọ́jà mọ̀ ọ́n: èrè ọ̀la kò dájú, ṣùgbọ́n èrè àná ti wà nínú àpò. Èèyàn tó bá ń retí èrè ńlá nìkan kó tó dúpẹ́, ìsọ̀ rẹ̀ á tì.

BÍ Ó BÁ ṢUBÚ LỌ́JÀ

Kì í ṣe ọmọ yìí nìkan. Oníbàárà lè ṣubú, agbérù lè ṣubú. Ohun tí a ó ṣe nìyí:

1. Ẹ má sá. Ẹ gbé ọ̀bẹ, igbá, stóòfù àti ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀. Bó bá súnmọ́ ẹ̀rọ ata, epo gbígbóná, gọ́tà tàbí títì, ẹ rọra fà á kúrò.

2. Ẹ ká ìborùn, ẹ fi sí abẹ́ orí rẹ̀. Ẹ tú ohun tó bá fún un lọ́rùn.

3. Ẹ wo aago.

4. Ẹ má di í mọ́lẹ̀. Ẹ má fi ṣíbí tàbí ìka sí i lẹ́nu. Ẹ má rọ omi, àgbo tàbí epo sí i lẹ́nu. Ẹ má fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú iná. Ẹ má fi ata tàbí àlùbọ́sà sí i lójú.

5. Bó bá ti rọlẹ̀, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan kí itọ́ lè dà síta. Ẹ jókòó tì í títí tó fi máa jí dáadáa.

6. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí bí òmíràn bá tún gbé e kó tó jí, tàbí bó bá fara pa, tàbí bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́, ọsibítù ni o. Ọmọdé tí ibà bá mú tí gìrì gbé, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀.

OHUN TÍ A Ń BẸ̀BẸ̀ FÚN

Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Wọn ò sọ pé àfi ọmọ tó bá pé. Ọjà gan-an ni wọ́n dárúkọ.

Ohun mẹ́ta là ń bẹ ẹgbẹ́. Ìkíní, kí ẹgbẹ́ má lé ìyá kankan kúrò ní ìsọ̀ nítorí àìsàn ọmọ rẹ̀. Ata yẹn la fi ń ra oògùn. Bí ata bá dúró, oògùn dúró. Ìkejì, kí láìnì kọ̀ọ̀kan yan ẹni méjì tó máa kọ́ ohun mẹ́fà tí a kà yìí dunjú. A ti bẹ nọ́ọ̀sì kan, ó ní òun máa wá kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ìkẹta, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó tì mọ́ yàrá, ẹ wá bá wa ní ìsọ̀. A ò ní pariwo. A ó jọ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìmọ́tótó.

Ẹ̀yin tí ẹ sọ̀rọ̀ ní ìpàdé tó kọjá, a ò bínú. Ẹ yà bá wa lọ́la. Ọmọ náà á fún yín ní ṣéńjì, á sì kí yín. Bó bá ṣubú lójú yín, ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa ṣe.

Ó di ọjọ́ mẹ́sàn-án lónìí tó ṣubú kẹ́yìn. A ti kọ ọ́ sínú ìwé. Bó bá pé mọ́kànlélógún, àkàrà ń bọ̀.

  

Akọ̀wé Ẹgbẹ́