Nígbà tí Apá Oògùn Kò Bá Ká Àrùn Mọ́

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ní ọdún 1928, Alexander Fleming, ọmọ Scotland, ṣàwárí pẹnisílínì, oògùn tí ó ti gba ẹ̀mí àìlóǹkà ènìyàn là. Nígbà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1945, ó kìlọ̀ pé bí oògùn náà kò bá tó láti pa kòkòrò àrùn, yóò kàn kọ́ wọn bí a ti ń farada oògùn ni. Ogun tí ó sọ tẹ́lẹ̀ náà ti wọ ìlú.

Ẹ wo bí ó ti ń rí ní Ìkòròdú àti ní Ẹ̀pẹ́. Ara oníṣòwò kan gbóná, ṣùgbọ́n ọjọ́ ọjà kò ṣeé pa jẹ. Ó yà sí ṣọ́ọ̀bù oògùn, ó ní kí wọ́n bá òun po oògùn pọ̀ ní ìwọ̀n owó ọwọ́ òun. Ó lo ti ọjọ́ méjì, ara fúyẹ́, ó sì fi ìyókù pamọ́ de ọjọ́ mìíràn. Bí ó bá jẹ́ ọ̀fìnkìn lásán ni, irú oògùn bẹ́ẹ̀ kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ kòkòrò, àwọn tí kò lágbára ni ó kú. Àwọn alágbára ṣẹ́kù, wọ́n sì ń bí sí i. Àwọn ènìyàn a máa wí pé oògùn ti mọ́ àwọn lára. Kòkòrò gan-an ni ó mọ́ lára.

Ọ̀nà kejì gba inú ọgbà ọ̀sìn. Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà lára ibi tí ẹyin, adìẹ àti ẹja ti ń wọ Èkó. Ibùdó àgbẹ̀ wà ní Odogunyan àti ní Araga. Olùsìn tí ó ń po oògùn sínú omi adìẹ tí ara rẹ̀ dá, kí ó lè tètè sanra, kòkòrò alágídí ni ó ń sìn pọ̀ mọ́ adìẹ. Kòkòrò yìí lè bá ẹran lọ sí ọjà, kí ó bá ìgbẹ́ adìẹ lọ sí oko ẹ̀fọ́, kí ó sì bá àgbàrá wọ inú ọ̀sà. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, Àjọ Ìṣọ̀kan wọn ti fòfin de fífi irú oògùn bẹ́ẹ̀ mú ẹran sanra láti ọdún 2006.

Ìwádìí tí a gbé jáde ní ọdún 2022 fi hàn pé àrùn tí apá oògùn kò ká pa ènìyàn bíi 1,270,000 ní àgbáyé ní ọdún 2019. Bí a bá fi ikú wé iye olùgbé, Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ó burú jù. Ìyá tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún kí ó tó bímọ, àti ọmọ àṣẹ̀ṣẹ̀bí tí kòkòrò wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ni ọ̀ràn náà yóò kọ́kọ́ dé bá.

Ìjọba àpapọ̀ gbé ètò kalẹ̀ ní ọdún 2017, ó sì tún gbé òmíràn kalẹ̀ ní ọdún 2024. Ṣùgbọ́n ìwé ìjọba kò lè gba oògùn lọ́wọ́ ẹni tí ó ń ṣì í lò. Kí àyẹ̀wò ṣáájú oògùn. Iye ọjọ́ tí dókítà bá kọ ni kí a lò. Kí aládùúgbò má ṣe pín oògùn fún aládùúgbò. Kí olùsìn fi ìmọ́tótó àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣáájú, kí ó pe dókítà ẹran, kí ó sì jẹ́ kí ọjọ́ tí wọ́n là sílẹ̀ pé kí ó tó ta ẹyin tàbí ẹran. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà. Ibẹ̀ náà ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.